Switch tó rántí orúkọ VLAN ṣùgbọ́n tó gbàgbé pọ́ọ̀tù

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́rú ni fóònù mi dún, àǹtí tó ń mójú tó akáúńtì ní hospital kan tí mo ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún ló pè, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí wọn tán. "Ẹnjiníà, íntánẹ́ẹ̀tì ti lọ, príntà ò dáhùn, fáìlì pesẹ́ǹtì ò ṣí, èèyàn ti kún ìta fọ́fọ́, kí lẹ ṣe sí nǹkan wa lọ́jọ́ Sátidé?" Mo ní ẹ má bínú mà, ẹ bá mi wo switch tó wà nínú àpótí yẹn, ẹ̀rọ tí gbogbo waya kọ̀ǹpútà wọ̀ sí, ṣé iná ara ẹ̀ ń ṣẹ́jú? Wọ́n ní ó ń ṣẹ́jú dáadáa. Mo ní kámẹ́rà ńkọ́? Wọ́n ní kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́, àwọn ń wo géètì lórí tẹlifíṣọ̀n bí àwọn ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà yẹn ló ṣì mí lọ́nà. Mo rò ó lọ́kàn ara mi pé tí kámẹ́rà bá ń ṣiṣẹ́ a jẹ́ pé switch ò ní nǹkan kan, àwọn tó ń tà wọ́n ní íntánẹ́ẹ̀tì ni ká lọ bá. Mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún àǹtí. Ó tó wákàtí kan tá a fi ṣòfò lórí ìyẹn, àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ń sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn dára, èmi ń bá wọn jiyàn látinú mọ́tò, ohùn mi ń lọ sókè, àṣé èmi gan-an ni mo jẹ̀bi.

Hospital aládàáni ni, n'Ìbàdàn níbí, mi ò ní dárúkọ wọn. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, kọ̀ǹpútà 14, príntà 3, kámẹ́rà 8 pẹ̀lú NVR tó ń gba àwòrán wọn sílẹ̀, access point 2 tó ń pín Wi-Fi, àti sáfà kékeré kan tí fáìlì àwọn pesẹ́ǹtì wà lórí ẹ̀. Kí n tó débẹ̀, switch pọ́ọ́kú méjì ni wọ́n so pọ̀, irú èyí tí èèyàn ò lè yí nǹkan kan nínú ẹ̀, o ki waya bọ̀ ọ́ ó parí. Gbogbo nǹkan tí mo kà sílẹ̀ yẹn wà nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo, àti kọ̀ǹpútà dókítà, àti fóònù pesẹ́ǹtì tó jókòó sí rìsépṣọ̀n tó ń wo fídíò.

Ẹ mọ ilé face-me-I-face-you ṣá. Bí ẹni tó wà ní yàrá àkọ́kọ́ bá pariwo pé ta ló ní iyọ̀, gbogbo ilé ló máa gbọ́, títí kan ẹni tí ò se oúnjẹ. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọn ò pín ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn, kọ̀ǹpútà kan á pariwo pé ta ló ní àdírẹ́sì báyìí báyìí, gbogbo ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ á dáṣẹ́ dúró wò ó bóyá àwọn ló ń bá wí. Ariwo yẹn ò tiẹ̀ pa wọ́n lára tó bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀rọ wọn ò pọ̀. Nǹkan tó jẹ́ kí wọ́n pè mí ni pé lọ́jọ́ kan príntà akáúńtì ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé ètò ìsọmọlórúkọ jáde, ó tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́, pépà tán nínú ẹ̀, àṣé bàbá ọmọ tuntun kan tó wà ní wọ́ọ̀dù lókè ló so fóònù ẹ̀ mọ́ Wi-Fi, ó rí príntà, ó rò pé ti gbogbo ayé ni. Dókítà tó ni hospital rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ nígbà tó dọ̀la wọ́n bi mí pé, ẹni tó lè rí príntà, ṣé kò lè rí fáìlì àwọn aláìsàn? Mo ní sà, ó lè rí i tó bá fẹ́.

Ìkejì ni ti fámasì. Ẹnìkan níbẹ̀ ní Wi-Fi ò dé ọ̀dọ̀ òun, ó bá gbé router kékeré kan, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, wá látilé, ó ki waya bọ ihò LAN ẹ̀. Router yẹn náà ń pín àdírẹ́sì fúnra ẹ̀. Báyìí àwọn méjì ló wá ń pín àdírẹ́sì nínú ilé kan, ẹni tó bá yá jù nínú wọn ni kọ̀ǹpútà máa gbà gbọ́, ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ ní íntánẹ́ẹ̀tì, ìdajì ò ní, tó bá dọ̀la àwọn tí ò ní lánàá ló máa ní. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi bá ìyẹn jà kí n tó rí router yẹn lẹ́yìn páálí oògùn.

Bá a ṣe wá pinnu pé a máa pín in nìyẹn. Wọ́n ra Cisco Catalyst 2960 kan ní tòkúnbọ̀ ní Computer Village n'Ìkẹjà, èyí tó ní pọ́ọ̀tù 24 tó ń sá 100 megabit àti méjì tó ń sá gigabit, wọ́n sì fi router MikroTik kan kún un. Wọ́n bi mí pé ṣé wọ́n máa ra switch mẹ́rin fún ẹ̀ka mẹ́rin ni, mo ní rárá o, VLAN la máa ṣe, switch kan náà lá máa ṣe bíi pé mẹ́rin ni.

Fún ẹni tí ò tíì ṣe é rí: VLAN ni kẹ́ ẹ gbé ògiri sáàárín switch kan náà láìra símẹ́ńtì. Ẹ máa sọ fún un pé pọ́ọ̀tù kìíní dé ìkẹfà wà ní VLAN 10, ìkeje dé ìkẹrìndínlógún wà ní VLAN 20, látìgbà yẹn lọ ariwo ẹni tó wà ní 10 ò ní dé etí ẹni tó wà ní 20. Pọ́ọ̀tù tó jẹ́ ti VLAN kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè ní access. Ṣùgbọ́n waya kan ṣoṣo ló lọ láti switch sí router, gbogbo VLAN ló sì gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá, báwo ni router ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ ti akáúńtì yàtọ̀ sí ti àlejò? Ibẹ̀ ni trunk ti wọlé. Lórí trunk, switch máa ń wọ aṣọ ẹbí fún ẹrù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn dátà tó ń kọjá, kó tó jáde, ẹbí 10 wọ tiẹ̀, ẹbí 40 wọ tiẹ̀, ẹni tó wà lódìkejì á wo aṣọ, á mọ ẹbí tó ti wá. Tí ẹrù bá padà dé pọ́ọ̀tù access wọ́n á bọ́ aṣọ yẹn kúrò, kọ̀ǹpútà ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Aṣọ ẹbí yẹn ni tag, byte 4 péré ni, òfin tó ṣàlàyé ẹ̀ ni 802.1Q tí IEEE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà tó ń ṣòfin irú nǹkan báyìí, gbé jáde ní 1998. Bit 12 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún nọ́ńbà nínú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà VLAN fi ń bẹ̀rẹ̀ láti 1 tó sì parí sí 4094, torí òdo àti 4095 kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni.

Ètò tí mo kọ sórí pépà ni 10 fún akáúńtì, 20 fún dókítà àti nọ́ọ̀sì àti sáfà fáìlì, 30 fún kámẹ́rà, 40 fún àlejò, 99 fún èmi tí mò ń tún un ṣe, ìyẹn àdírẹ́sì switch fúnra ẹ̀ àtàwọn access point. Mi ò fi ẹnì kankan sí VLAN 1. VLAN 1 ni gbogbo pọ́ọ̀tù máa ń wà láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá gbàgbé ibẹ̀ ló máa wà, nítorí náà mo fẹ́ kó jẹ́ ibi tí kò sí nǹkan kan, kí ẹni tó bá ṣèèṣì ki waya rí òfo.

Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ ṣe é, nígbà tí pesẹ́ǹtì ò pọ̀. Torí pé tòkúnbọ̀ ni switch yẹn, nǹkan àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo nu iyè ẹ̀:

write erase
delete flash:vlan.dat
reload

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ti àkọ́kọ́ wọ́n á gbàgbé ìkejì, tó bá wá tàn padà wọ́n á rí i pé orúkọ VLAN ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, nígbà míì orúkọ báńkì. Ẹ fi ìlà kejì yẹn sọ́kàn, a ṣì máa padà sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn mo dá àwọn VLAN sílẹ̀, mo sọ wọ́n lórúkọ, AKAUNTI, DOKITA, KAMERA, ALEJO, MGT. Mo pín pọ́ọ̀tù (fa ni àwọn 24 tó ń sá 100 megabit, gi ni àwọn méjì tó ń sá gigabit):

interface range fa0/1 - 6
switchport mode access
switchport access vlan 10
spanning-tree portfast

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ má fò ó. Láìsí i, pọ́ọ̀tù máa ń dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 kó tó jẹ́ kí nǹkan kan kọjá, ó ń wò ó bóyá wọ́n ti so waya po mọ́ra wọn, kọ̀ǹpútà tó bá sì yára tàn lè ti béèrè àdírẹ́sì títí kó ti sú u kí pọ́ọ̀tù tó ṣí.

Àwọn kámẹ́rà 8 wà lórí switch kékeré kan tó ń fún wọn níná gba inú waya, switch yẹn ò mọ nǹkan kan nípa VLAN, kò sì séwu, pọ́ọ̀tù kan ṣoṣo tó ti wọ Catalyst, fa0/21, ni mo fi sí VLAN 30, gbogbo ohun tó bá wà lẹ́yìn ẹ̀ di ti 30. NVR wà ní fa0/22, òun náà 30. Pọ́ọ̀tù àwọn access point ni mo ṣe ní trunk, 20 àti 40 pẹ̀lú aṣọ ẹbí, 99 láìwọ nǹkan kan. Ti MikroTik wà ní gi0/1:

interface gi0/1
switchport mode trunk
switchport trunk allowed vlan 10,20,30,40,99

Tẹ́ ẹ bá rí fídíò tó ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ switchport trunk encapsulation dot1q, 2960 máa kọ̀ ọ́ fún yín, kì í ṣe pé ó bàjẹ́, òun ò mọ irú trunk míì ni, àwọn bíi 3560 tó mọ oríṣi méjì ló nílò kẹ́ ẹ sọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́.

Lórí MikroTik mo dá vlan10, vlan20 àti ìyókù sílẹ̀ lórí ether2, mo fún kálukú ní àdírẹ́sì, 192.168.10.1, 192.168.20.1, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì fi DHCP, ètò tó ń pín àdírẹ́sì fún ẹ̀rọ fúnra ẹ̀, sórí 10, 20 àti 40. Kámẹ́rà ò gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọwọ́ ni mo fi tẹ tiwọn sínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìyẹn náà sọ́kàn.

Mo wá mú fóònù mi, mo so ó mọ́ Wi-Fi àlejò, mo ping kọ̀ǹpútà akáúńtì, ìyẹn ni pé mo pè é wò bóyá á dáhùn. Ó dáhùn! Ọmọ IT tó wà lọ́dọ̀ wọn, tó dúró tì mí látàárọ̀, wò mí lójú pé kí wá ni gbogbo iṣẹ́ tí a ti ń ṣe láti aago mẹ́sàn-án. Mo ní fara balẹ̀. Switch ti gbé ògiri, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n router ni ìlẹ̀kùn tó wà lára ògiri yẹn, iṣẹ́ tí wọ́n sì bí i mọ́ ni pé kó máa gbé ẹrù láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan lọ sí òmíràn, àyàfi tẹ́ ẹ bá sọ fún un pé kó má ṣe é. Mo wá kọ òfin sínú firewall ẹ̀, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ tó ń pinnu ohun tó lè kọjá: ohun tó bá ti vlan40 wá tí kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì ló ń lọ, dá a dúró. Akáúńtì lè dé sáfà fáìlì. Dókítà lè wo kámẹ́rà, kámẹ́rà ò lè lọ síbì kankan fúnra wọn. Mo ping lẹ́ẹ̀kan sí i, kò dáhùn mọ́. Ọmọ IT rẹ́rìn-ín. Mo ti rí ibi tí wọ́n ṣe VLAN mẹ́fà sí, àwòrán ẹ̀ dára lójú, kò sì sí òfin kan ṣoṣo nínú router, gbogbo wọn ṣì ń ríra wọn bíi tàná, ẹni tó ṣe é sì ti gbowó ẹ̀ lọ.

Ó ti tó aago márùn-ún nígbà yẹn. Àǹtí akáúńtì ní kí n jọ̀ọ́ bá àwọn wo príntà òkè tó ń jẹ pépà, mo gòkè lọ, mo tún un ṣe, Dókítà fún mi ní mọ́lítì àti gálà, a rẹ́rìn-ín, mo lọ sílé. Command kan ṣoṣo ni mi ò tẹ̀.

Ká padà sí Ọjọ́rú. Aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo débẹ̀, èèyàn dúró títí dé ẹnu géètì. Mo wo kọ̀ǹpútà rìsépṣọ̀n, àdírẹ́sì tó wà lórí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254. Ìyẹn ni àdírẹ́sì tí Windows máa ń fún ara ẹ̀ tó bá ti pè pè pè tí ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì rárá nìyẹn, kọ̀ǹpútà yìí ò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ router tó wà nínú yàrá kejì. Mo fẹ́ wọ inú switch láti láptọ́ọ̀pù mi, 192.168.99.2 tó jẹ́ àdírẹ́sì ẹ̀ ò dáhùn. Mo so láptọ́ọ̀pù mọ́ MikroTik tààrà, MikroTik ń bẹ láàyè, ó ní íntánẹ́ẹ̀tì, ara ẹ̀ le. Ojú tì mí fún àwọn tí mo bá jà lórí fóònù.

Mo yọ waya console jáde, èyí tí èèyàn fi ń bá switch sọ̀rọ̀ tààrà láìgba nẹ́tíwọ́ọ̀kì, aláwọ̀ búlúù yẹn, mo ki í sí ẹ̀yìn switch, mo ṣí PuTTY, ètò tí mo fi ń tẹ command sí i, lórí 9600, mo tẹ Enter. Ohun tó bi mí ni pé

Would you like to enter the initial configuration dialog? [yes/no]:

Àyà mi kọ́kọ́ já. Ìbéèrè ọmọ tuntun nìyẹn, switch tí ò ní nǹkan kan nínú ló máa ń bi èèyàn bẹ́ẹ̀. Mo ní no, mo wọlé, orúkọ tí mo sọ ọ́ ti lọ, Switch lásán ló kọ síbẹ̀. Mo tẹ show vlan brief, ohun tó wá rú mi lójú rèé: AKAUNTI wà níbẹ̀. DOKITA wà níbẹ̀. KAMERA, ALEJO, MGT, gbogbo wọn pé. Ṣùgbọ́n iwájú wọn ṣófo, pọ́ọ̀tù 26, gbogbo wọn ti kó ara wọn padà sí VLAN 1.

Àǹtí akáúńtì dúró lẹ́yìn mi. Wọ́n ní ṣé ẹnìkan fọwọ́ kàn án ni? Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀ mà. Ẹnu mi ló jáde, kí n má purọ́. Torí mo rò pé tó bá jẹ́ pé ó nu iyè ẹ̀ fúnra ẹ̀ ni, ṣebí orúkọ VLAN náà ì bá ti lọ, ẹnìkan ló máa wọlé yọ pọ́ọ̀tù lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójú ẹsẹ̀ wọ́n ránṣẹ́ pe ọmọ IT, torí òun ló dúró tì mí lọ́jọ́ Sátidé, òun ló rí páásíwọ̀ọ̀dù. Ọmọ yẹn ń gbọ̀n. "Mi ò ṣe nǹkan kan mà, mi ò dé ìdí ẹ̀ láti Sátidé." Wọ́n ní kó dúró síbẹ̀ kí Dókítà tó sọ̀ kalẹ̀.

Mo tẹ show version. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé òun tàn láti wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn, ohun tó sì jẹ́ kí òun tàn ni power-on. Kì í ṣe pé ẹnìkan wọlé pàṣẹ pé kó tún tàn, iná ló lọ lára ẹ̀. Mo yí sẹ́yìn, mo bi Bàbá sikiọ́rítì pé ṣé iná lọ láàárọ̀ yìí? Wọ́n ní, "Ó lọ, nígbà tí mo kí ìrun tán, bí aago mẹ́fà. Mo lọ tan jẹnẹrétọ̀. Nǹkan yẹn ké píì, píì, píì, ó wá dákẹ́." Nǹkan tó ké yẹn ni UPS. Bátìrì ẹ̀ ti kú tipẹ́, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ torí iná kì í pẹ́ lọ kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, switch àtijọ́ wọn sì rèé, bó bá kú tó jí kò ní nǹkan tó lè gbàgbé.

Ìgbà yẹn lojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Switch yìí ní iyè méjì. Ohun tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, inú running-config ló ń wọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń tan èèyàn jẹ, ṣùgbọ́n inú memory tí iná ń gbé dúró ni gbogbo ẹ̀ wà. Kó tó lè rántí lẹ́yìn tí iná bá lọ, ẹ gbọ́dọ̀ ní kó dà á kọ sínú startup-config. Mi ò ṣe ìyẹn. Àwọn orúkọ VLAN wá ńkọ́? Wọn kì í gbé ibi kan náà. Bí switch yìí ṣe ti wá láti ilé iṣẹ́, ní ipò VTP server (VTP ni ètò Cisco tí àwọn switch fi ń pín orúkọ VLAN fún ara wọn), bẹ́ ẹ bá ti dá VLAN sílẹ̀ báyìí ó ti kọ ọ́ sínú vlan.dat nínú flash, memory inú ẹ̀ tí kì í gbàgbé bí iná bá lọ, fúnra ẹ̀, láìbi yín. Fáìlì tí mo fọwọ́ ara mi pa lọ́jọ́ Sátidé yẹn ni! Bó ṣe rántí orúkọ àwọn ọmọ tó sì gbàgbé yàrá tí kálukú ń sùn nìyẹn.

Gbogbo nǹkan bá ara mu. Gi0/1 ò ṣe trunk mọ́, MikroTik ń kó ẹrù tó wọ aṣọ ẹbí ránṣẹ́, switch wò ó, kò mọ̀ wọ́n mọ́, ó dà wọ́n nù. Fóònù so mọ́ Wi-Fi kò rí àdírẹ́sì gbà, ohun kan náà ni. Kámẹ́rà àti NVR ńkọ́? Gbogbo wọn jọ bọ́ sí VLAN 1 lẹ́ẹ̀kan náà, àdírẹ́sì wọn kò ti ọwọ́ ẹnikẹ́ni wá, wọ́n ń ríra wọn bíi tàná, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ilé ti wó. Ohun tí mo fi sọ pé switch dára yẹn gan-an, ì bá ti fi hàn mí pé gbogbo wọn ti wà nínú yàrá kan.

Mo sọ fún Dókítà pé èmi ni sà, ọmọ yìí ò ṣe nǹkan kan, command kan ni mo gbàgbé. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa, tún un ṣe." Gbogbo ohun tí mo tẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé mo ti fi ránṣẹ́ sí ara mi lórí WhatsApp, ìyẹn ló yọ mí, mo dà á padà síbẹ̀, kò tó ìdajì wákàtí tí fáìlì fi ṣí. Lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan ni mò ń tẹ copy running-config startup-config, ó ń dà bí ẹni tó ń ka ẹsẹ Kùránì. Nígbà tó di alẹ́ tí èèyàn ti dín, mo fọwọ́ ara mi yọ plọ́ọ̀gì ẹ̀ kúrò lára iná, mo jókòó tì í títí ó fi tàn padà, mo kà á, pọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan wà níbi tí mo fi í sí. Mo bẹ ọmọ IT yẹn níwájú àǹtí, mo ra jọlọ́ọ̀fù fún un. Kò jẹ ẹ́ tán, inú ṣì ń bí i, mi ò bá a wí.

Ẹ̀ẹ̀kejì ló wá pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e wọ́n ní àwọn fẹ́ kó POS méjì tó ń lo waya wọlé, mo ní kó má bàa dà pọ̀ mọ́ akáúńtì ẹ jẹ́ ká fún un ní VLAN 50. Ilé ni mo wà, mo gba VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ MikroTik, mo ti MikroTik wọ switch lórí VLAN 99. Mo dá 50 sílẹ̀, ó kù kí n fi kún trunk, mo wọ gi0/1, mo tẹ̀ ẹ́:

switchport trunk allowed vlan 50

Bí mo ṣe tẹ Enter ni ojú kọ̀ǹpútà mi dúró gbagidi. Mo tẹ nǹkan míì, kò jáde. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fò, add. Switchport trunk allowed vlan add 50 ló yẹ kó jẹ́. Láìsí add, kò fi 50 kún wọn, ó lé 10, 20, 30, 40 àti 99 dànù, ó wá ku 50 nìkan, 99 tí mo sì gùn lọ síbẹ̀ wà lára àwọn tí mo lé. Mo jókòó sórí ẹ̀ka mo gé e láti ìdí. Láàárín ìṣẹ́jú kan àǹtí akáúńtì ti pè, dókítà àti nọ́ọ̀sì ṣì ń ṣí fáìlì torí àwọn àti sáfà jọ wà ní 20, kò kan router, ṣùgbọ́n akáúńtì tó gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ router kọjá ti dákẹ́.

Mo rò ó lẹ́ẹ̀kan, ara mi wá balẹ̀. Mi ò tíì save. Mo ní mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún Bàbá sikiọ́rítì ní fóònù. "Bàbá, ẹ rí àpótí dúdú tó wà lókè nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, tí iná wẹ́wẹ́ pọ̀ lára ẹ̀?" Wọ́n ní àwọn rí i. Mo ní ẹ yọ waya iná ẹ̀ kúrò lẹ́yìn. Wọn ò yọ ọ́. Wọ́n ní, "Ẹnjiníà, èyí tó lọ lọ́jọ́sí tí gbogbo ilé fi dàrú yẹn ńkọ́?" Mo ní Bàbá, tòní yàtọ̀, ẹ bá mi yọ ọ́, ẹ ka dé mẹ́wàá, ẹ dá a padà. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mélòó kan VPN mi tún rí switch, ó ti gbàgbé ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, ó rántí ohun tí mo ti fi pamọ́, gbogbo trunk pé, títí kan orúkọ VLAN 50 tí vlan.dat ti gbé pamọ́ kí n tó ṣe aṣìṣe.

Láti ìgbà yẹn, bí mo bá fẹ́ fọwọ́ kan trunk láti ọ̀nà jíjìn, reload in 10 ni mo kọ́kọ́ ń tẹ̀. Bí mo bá lé ara mi síta, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo máa fi mu omi, switch á tún ara ẹ̀ tàn padà sí ohun tó wà ní startup-config. Bí nǹkan bá lọ dáadáa mo máa tẹ reload cancel, lẹ́yìn náà ni mo tó save. Mo tún da gbogbo config yẹn sórí flash drive kékeré kan, dúrọ́ọ̀ àǹtí akáúńtì ló wà, wọ́n kọ ENJINIA sára ẹ̀ pẹ̀lú bírò pupa. Wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì UPS náà, Dókítà ló sanwó ẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú owó tèmi, mi ò sì lè jiyàn.